Òwú Ọwọ́ Àwọn Ìyá Wa: Ipò Aṣọ Òfì nínú Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú Ìwé Ẹ́kísódù, orí karùndínlógójì, a kà pé nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń pèsè fún àgọ́ Olúwa, kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ó mú wúrà àti fàdákà wá nìkan ni a kọ sílẹ̀. A kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn obìnrin tí ó mòye fi ọwọ́ ara wọn ran òwú, wọ́n sì mú èyí tí wọ́n ran wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka ibẹ̀ kọjá láìdúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a sì ti ka irú rẹ̀ kọjá nínú ìtàn ilẹ̀ wa. A mọ orúkọ àwọn ọba àti ti àwọn ológun. A mọ ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń yí ìrànwú, àwọn tí òwú ọwọ́ wọn fi aṣọ bo ọba àti ẹrú, àwọn ni a kò kà sí ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìwé kékeré yìí ni pé òwú tí a fi ọwọ́ ran jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó gbé iyì àti òmìnira ilẹ̀ Yorùbá ró. Pé àwọn àjèjì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa, wọn kò sì rí i gbà. Àti pé àwa tìkára wa ni a jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ti òde òní kò rí i rí. Bí a bá ti ká òwú láti oko wá, a ó sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn èyí a ó fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lórí pákó tàbí òkúta pẹrẹsẹ títí gbogbo kóró inú rẹ̀ yóò fi jáde. A ó mú ọrun kékeré, a ó máa ta ọsán rẹ̀ lára òwú náà kí ó lè fẹ́ bí fóòmù. Nígbà náà ni ìyá àgbà yóò mú ìrànwú rẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi amọ̀ sí nísàlẹ̀ kí ó lè wúwo, kí ó sì lè yí dáradára. Yóò fi ìka fa òwú, yóò sì yí ìrànwú, okùn tín-ín-rín yóò sì máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ọmọ ìjọ wa, tí ó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́, tí ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, fi yé wa pé iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà ni òwú rírán jẹ́ ní pàtàkì. Ẹni tí agbára oko àti ti ọjà ti tán ní ara rẹ̀ kò di ẹrù fún ilé. Òwú tí ó bá ran, tirẹ̀ ni, yóò tà á, yóò sì fi owó rẹ̀ jẹun.

Láti ọwọ́ ìyá àgbà, òwú a lọ sí ọ̀dọ̀ aláró, ẹni tí í fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú pa á láró. Láti ibẹ̀ a dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ. Oríṣi òfì méjì ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Èyí tí àwọn obìnrin ń lò dúró ní òró, a gbé e ti ògiri nínú ilé, aṣọ rẹ̀ a sì fẹ̀. Èyí tí àwọn ọkùnrin ń lò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Aṣọ rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí íńṣì mẹ́rin lọ, òun ni a sì ń rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí yóò fi di agbádá tàbí ìró. Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin ni ó lókìkí jù lọ fún èyí. Ẹ kíyèsí i bí aṣọ kan ṣoṣo ti so ènìyàn púpọ̀ pọ̀: àgbẹ̀, ìyá àgbà, aláró, ahunṣọ, aránṣọ àti oníṣòwò. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ gbé iṣẹ́ gbogbo àdúgbò kan sí èjìká rẹ̀.

Aṣọ wọ̀nyí kò rí bákan náà ní ojú àwọn baba wa. Kíjìpá, tí ó nípọn tí ó sì lágbára, ni aṣọ oko àti ti iṣẹ́. Ẹtù, tí a pa láró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà funfun tín-ín-rín sì wà lára rẹ̀ bí ti ẹyẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é, ni aṣọ àwọn àgbà. Sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ni a ń pè ní baba aṣọ. Ilé àwọn kòkòrò kan tí ń gbé ara igi nínú igbó ni a ń wá kiri, tí a ń sè, tí a sì ń ran bí òwú. Àlàárì pupa fòò, òwú rẹ̀ sì wá láti ọ̀nà jíjìn: láti etí òkun àríwá ní Trípólì, a gba aṣálẹ̀ kọjá lórí ràkúnmí dé Kánò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì ti èdè àwọn Lárúbáwá wá nípasẹ̀ Haúsá. Nítorí náà kì í ṣe òtítọ́ pé àwọn baba wa kò fẹ́ ohun àjèjì rárá. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n ní orí òfì tiwọn ni wọ́n ti gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ti ara wọn.

Ní ti ọ̀ràn ìlú, aṣọ jẹ́ ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn lè kà, àní ẹni tí kò mọ ìwé. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, ìtàgbé tí a hun tí a sì fi òwú ṣe wàràwàrà sí ni àwọn àgbà Òṣùgbó àti Ògbóni ń gbé lé èjìká. Àwa Kristẹni kì í bá wọn ṣe ìmùlẹ̀ wọn. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn tí ó gbé aṣọ yìí lé èjìká ni ó ń ṣe ìdájọ́ ìlú, tí wọ́n sì ń dá ọba lẹ́kun. Bákan náà ni òwe wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣọ òfì a máa pẹ́ ju ẹni tí ó ni ín lọ. A máa ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Gbígbó rẹ̀ pàápàá sì jẹ́ ọlá, nítorí ó ń sọ pé ilé náà ti wà tipẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré abẹ́lé ni èyí. Ní oṣù December ọdún 1825, ọ̀gágun Hugh Clapperton, òyìnbó tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, kọjá ní Ìjànà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ó rí ilé àwọn ahunṣọ níbẹ̀, ó sì rí ilé aró mẹ́ta tí ìkòkò aró inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní ogún, tí iṣẹ́ ń lọ nínú gbogbo wọn. John Adams, ọ̀gákọ̀ kan tí ó ti wá sí etíkun wa nígbà púpọ̀ láàárín 1786 àti 1800, jẹ́rìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1823 pé àwọn Potogí ń ra aṣọ tí a hun ní Ìjẹ̀bú àti ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láti kó wọn lọ sí Bràsíì, nítorí pé àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti ilẹ̀ tí a bí wọn tàbí tí a bí àwọn òbí wọn wá. Ẹ ro èyí wò, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ kan náà tí ó kó ọmọ lọ sí oko ẹrú ni ó kó aṣọ ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Títí di òní olónìí ni àwọn obìnrin Bahia tí ó tọ́ka sí Nàgó gẹ́gẹ́ bí orísun wọn ṣì ń gbé aṣọ kan lé èjìká tí wọ́n ń pè ní aṣọ etíkun ní èdè Potogí.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì dé, ọ̀ràn òwú bá wọn wọlé. Thomas Fowell Buxton ti kọ́ni ní 1840 pé Bíbélì àti ohun èlò oko ni yóò pa òwò ẹrú run, Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Míṣọ́nárì ti Ìjọ Áńgílíkàn, sì mú ẹ̀kọ́ náà lò. Lẹ́yìn tí Henry Townsend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, Venn bá Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ṣe àdéhùn. A fi ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, a sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Sàró, bíi Henry Robbin, ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, tí òwú wọn kò sì dé Manchester mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, owó òwú wa gòkè. Èrò àwọn ènìyàn rere wọ̀nyí kò burú: wọ́n fẹ́ kí àwọn baba wa ta òwú dípò ènìyàn, àwa sì jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà ní ìhà kejì. Òwú yóò lọ ní tútù, yóò sì padà wá ní aṣọ. Nínú ètò yìí kò sí àyè fún ìrànwú ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún òfì.

Àwọn oníṣòwò tí ó tẹ̀lé wọn kò fi èrò yìí pamọ́. Ní 1902 a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Manchester láti mú kí a máa gbin òwú ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1901. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ilé ẹ̀rọ, wọ́n pín irúgbìn, a sì dá oko àwòṣe sílẹ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn ní 1905, níbi tí a mọ̀ sí Moor Plantation. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Òwú tí ó lọ sí òkè òkun kò tó ohun tí wọ́n retí rárá. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Àgbẹ̀ kò ya aláìgbọ́n. Nígbà púpọ̀ ni àwọn obìnrin ọjà tí ń ra òwú fún àwọn ará ilé òfì san ju ohun tí ẹgbẹ́ òyìnbó lè san lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí òwú náà bá di ẹtù tàbí agbádá, ẹni tí yóò rà á wà. Nígbà tí kòkó sì dé, tí èrè rẹ̀ ju ti òwú lọ, àgbẹ̀ ìhà igbó yí ojú sí kòkó. Báyìí ni agbára Lancashire, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ rẹ̀, kò fi lè gba òwú kúrò lábẹ́ ìka àwọn ìyá àgbà.

Aṣọ Manchester kún ọjà nígbà náà, owó rẹ̀ sì kéré. Bí ó bá ṣe pé kí ènìyàn bo ìhòòhò rẹ̀ nìkan ni, òfì ì bá ti dákẹ́ láti ìgbà náà wá. Ohun tí ó gbà á là ni pé kò sí ẹni tí ó lè fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú jẹ oyè, tàbí kí ó fi sin baba rẹ̀, tàbí kí ó fi fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Iyì ni ó dá owó dúró. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Gandhi ní láti pe àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sídìí òwú rírán, títí a fi ya kẹ̀kẹ́ ìrànwú sí ara àsíá wọn ní 1921. Ní àkókò kan náà ìrànwú ṣì ń yí ní Ìṣẹ́yìn àti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìletò wa, láìsí pé olóṣèlú kan pàṣẹ rẹ̀.

Nísinsìnyí mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn, nítorí ilé Ọlọ́run ni ìdájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Manchester kò lè fi ẹ̀rọ ṣe, ìjọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀kọ́ ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó míṣọ́nárì, ẹni tí ó bá yípadà kò bọ́ òrìṣà sílẹ̀ nìkan. Ó bọ́ aṣọ baba rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, ó sì wọ kóòtù àti ṣòkòtò òyìnbó, títí àwọn ará ìlú fi rò pé aṣọ yìí ni ìgbàgbọ́. Ọmọ ilé-ìwé kọ́ láti tijú aṣọ tí ìyá-ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ran. Ìwé Mímọ́ kò pàṣẹ èyí ní ibì kankan.

Àwọn kan rí àṣìṣe náà ní kùtùkùtù. Ní Freetown, ní 1887, àwọn ọ̀mọ̀wé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ṣe àtúnṣe ìwọṣọ. James Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ní Breadfruit ní Èkó, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, dúró ṣinṣin pé orúkọ ilẹ̀ wa ni kí a máa sọ àwọn ọmọ ní ìrìbọmi. Ọmọ katikísì ìjọ wa kan, tí a bí ní 1860, tí a ń pè ní David Brown Vincent, di oníwàásù nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi Ìbílẹ̀. Ní 1894 ó gba orúkọ Mojọlá Agbébí, ó sì ń wọ aṣọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Òtítọ́ ni pé díẹ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé ọ̀nà yìí fi aṣọ Manchester rán agbádá wọn. Síbẹ̀ wọ́n ti ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí a ti so pọ̀ ní àìtọ́: Kristi àti kóòtù.

Ní àárín ọdún 1940 sí 1950, ìyàwó àlùfáà wa kan ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí ó ti kàwé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa aṣọ òyìnbó tì, ó sì ń wọ ìró àti bùbá kí àwọn obìnrin ọjà tí ó ń ṣíwájú má baà rò pé òun ga ju wọn lọ. Ẹgbẹ́ wọn dìde sí owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ní 1949 Aláké sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rí i pé ìwọṣọ ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn aṣíwájú wa sì wọ agbádá lọ jókòó níbi tí a ti ń jíròrò òmìnira tí ó dé ní 1960, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé a kò ní láti di ẹlòmíràn kí a tó lè ṣe àkóso ara wa.

Ìṣẹ́gun ni èyí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Aṣọ òfì padà wọ inú ìjọ láti ẹnu ọ̀nà iwájú. Nínú ìgbéyàwó tí mo ń so, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí ìdílé tí kò sí aṣọ òkè lára wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ìró ìyàwó dáradára, òwú ẹ̀rọ ni mo ń rí, èyí tí ilé-iṣẹ́ ran, tí ó sì ń dán yanran. Òfì kù, ìrànwú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kò sí ogun tí ó pa á. Òwú ẹ̀rọ dé, ó jọ̀lọ̀, kì í já, oríṣiríṣi àwọ̀ ni ó ní; ahunṣọ yàn án, a kò sì lè bá a wí. Àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé-ìwé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ìyá àgbà ti ń sùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó gba ìrànwú lọ́wọ́ wọn.

Kò yẹ kí a sọ ayé àtijọ́ dára ju bí ó ti rí lọ. Òwú rírán jẹ́ iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ẹrú àti ìwọ̀fà sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ tí èrè rẹ̀ kò dé ọwọ́ wọn. Èmi kò pè yín padà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a sọnù. Nígbà àtijọ́, ẹni tí a bu ọlá fún nípa aṣọ àti ẹni tí ó ṣe aṣọ ń gbé àdúgbò kan náà. Owó agbádá olóyè a máa dé ọwọ́ opó tí ó ran òwú rẹ̀. Nísinsìnyí a pa iyì mọ́, a sì ti rán iṣẹ́ lọ sí ìdálẹ̀. Èyí gan-an ni ètò tí àwọn ará Manchester ti fẹ́ ṣe tí wọn kò rí ṣe: kí aṣọ jẹ́ tiwa ní wíwọ̀, kí ó má sì jẹ́ tiwa ní ṣíṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, bí ìyá àgbà kan bá kù ní ìlú yín tí ó mọ ìrànwú í yí, ẹ pè é wá sí iwájú àwọn ọmọ kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bí òwú ti ń di okùn lábẹ́ ìka. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ilé-ìwé yín, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ti àwọn ọba. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, nígbà tí ẹ bá tún ń ra aṣọ fún ìdúpẹ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé ta ni ó hun ún, àti pé níbo ni òwú rẹ̀ ti wá. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó gba ọrẹ àwọn obìnrin tí ó ran òwú ní aginjù, tí kò sì ka ẹ̀bùn ìka wọn sí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wúrà, kí Ó kọ́ àwa náà láti mọ iye rẹ̀.